Omi Kọ́ Ló Tán Lára Rẹ, Oúnjẹ Ni

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi lẹ́yìn maratọ́ọ̀nù Èkó. Ẹni ọdún 29 ni, ó wọn kílò 68, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sá kìlómítà 42 nìyẹn. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi gbára dì. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àmàlà àti gbẹ̀gìrì ni mo jẹ, bíi aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, mi ò fẹnu kan nǹkan kan àfi omi, torí wọ́n ní ikùn òfìfo ló ń jẹ́ kí ara fúyẹ́. Ìṣẹ́jú 60 ni mo ti pinnu láti fi sá kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ara mi dá ṣáká, èrò ń sáré, èmi náà bá wọn sá a, ìṣẹ́jú 52 ni mo fi dé ibẹ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pín omi ni mo ti mu. Nígbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀ lórí Afárá Third Mainland, ní nǹkan bíi kìlómítà 31, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí, ó kàn kọ̀ ni. Òòyì ń kọ́ mi, òógùn tútù bò mí, mo sì ń sunkún, mi ò mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Mo fi ìrìn parí rẹ̀ ni, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 20. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní omi ló tán lára mi, pé lọ́dún tó ń bọ̀ kí n máa mu píọ̀wọ́tà méjì méjì níbi gbogbo tí mo bá ti rí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà? Kí ni kí n máa jẹ?”

Àbúrò mi, o kú oríire, o sì kú ewu. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, tó ṣì rin kìlómítà 11 sí i nínú oòrùn Èkó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Omi kọ́ ló tán lára rẹ. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé o mu ún ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pín in. Oúnjẹ ló tán. Bí o bá wá lọ fi píọ̀wọ́tà méjì méjì tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, oúnjẹ á ṣì tán, omi á sì tún di ewu lé e lórí. Màá padà sórí ewu yẹn.

Jẹ́ ká ṣírò ná. Ẹni tó bá ń sáré ń ná nǹkan bíi kálórì kan lórí kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, ní gbogbo kìlómítà tó bá sá. Fi kílò 68 rẹ sọ 42 di púpọ̀, ó lé ní 2,850. Ibi méjì ni ara ti ń rí i ná: ọ̀rá, àti ṣúgà tí ara kó pa mọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní gláíkójìn. Ọ̀rá kì í tán. Ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ pàápàá ní ọ̀rá tó lè gbé e sáré láti Èkó dé Ìlọrin. Àmọ́ ọ̀rá dà bí igi tútù nídìí ààrò, kì í tètè jó. Gláíkójìn ni igi gbígbẹ, òun ló ń jó kíákíá nígbà tí eré bá le, kò sì pọ̀: bíi gíráàmù 400 nínú iṣan, bíi 100 nínú ẹ̀dọ̀ nígbà tí o bá jẹun yó dáadáa. Kálórì mẹ́rin ló wà nínú gíráàmù kan, nítorí náà gbogbo ohun tí o kó pa mọ́ kò ju bíi 2,000 lọ. Bí o bá sáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rá á bá ọ gbé lára ẹrù náà, gláíkójìn á sì pẹ́ nílẹ̀. Bí o bá sáré kíkankíkan, ara á pa ọ̀rá tì, á máa fa igi gbígbẹ nìkan. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí o rò pé o jèrè ní kìlómítà mẹ́wàá àkọ́kọ́, igi gbígbẹ ni o fi rà á, ní kìlómítà 31 ni wọ́n sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rọ̀ òógùn tútù àti ẹkún yẹn ti wá. Ṣúgà inú iṣan, iṣan nìkan ló ń jẹ ẹ́, kò lè yá ẹlòmíràn. Ṣúgà inú ẹ̀dọ̀ ni ti gbogbo ilé. Òun ni ẹ̀dọ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ lè rí i jẹ, ọpọlọ kò sì lè jẹ ọ̀rá. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí o ti jẹ àmàlà títí di nǹkan bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ tí eré bẹ̀rẹ̀, ó lé ní wákàtí méjìlá. Ojú oorun rẹ ni ẹ̀dọ̀ ti ń bọ́ ọpọlọ ní gbogbo òru, o sì dé orí ìlà pẹ̀lú àjà tí ohun inú rẹ̀ ti dín kù gan-an. Ikùn òfìfo tí wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ara fúyẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wálẹ̀, ọpọlọ figbe ta: òòyì, òógùn tútù, ìbànújẹ́ tí kò ní ìdí.

Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Nígbà tí mo ṣì ń sáré gan-an, mo jókòó lójijì sí etí gọ́tà lójú ọ̀nà Ṣángo ní Ìbàdàn, lẹ́yìn wákàtí méjì àti ààbọ̀ láìjẹ nǹkan kan. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mi ò lè tú okùn bàtà mi. Ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì wò mí, kò bi mí ní nǹkan kan, ó bu bọ̀ọ̀lì méjì fún mi, ó ṣí mínírà kan tì í. Mo rántí pé bọ̀ọ̀lì náà gbóná ju ohun tí ahọ́n mi lè gbà lọ, mo sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tí ayé fi padà sí àwọ̀ rẹ̀. Kò fún mi ní omi, àbúrò mi. Oúnjẹ ló fún mi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1924, àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sá maratọ́ọ̀nù ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní kété tí wọ́n parí eré. Àwọn tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ jù ni ojú wọn funfun, tí ara wọn rọ, tí ọkàn wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí níbì kan mọ́. Ní 1925, wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn jẹ oúnjẹ afúnnilókun, irú bí ìrẹsì, iṣu àti búrẹ́dì, dáadáa ṣáájú, kí wọ́n sì máa lá súìtì lójú ọ̀nà. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn dúró, wọ́n sì parí eré bí èèyàn. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ a ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n fi ikùn òfìfo sáré.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ará Sweden. Ní 1966, dókítà méjì, Jonas Bergström àti Eric Hultman, fi ara wọn ṣe ìdánwò. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lò, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, kálukú ń fi ẹsẹ̀ kan wa pẹ́dà tirẹ̀ títí ẹsẹ̀ yẹn fi kú, ẹsẹ̀ kejì ń sinmi. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá fa ègé iṣan díẹ̀díẹ̀ nínú itan méjèèjì, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ oúnjẹ afúnnilókun. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó sinmi wà bó ṣe wà. Ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ti kó gláíkójìn jọ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti èkejì. Ẹnu kan náà ló jẹun, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló gbé e kiri, ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ nìkan ló gba tirẹ̀ tó tún gba lé e. Gbogbo bí àwọn eléré ìje ṣe ń jẹun lónìí ṣáájú eré ńlá, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Ó túmọ̀ sí pé oṣù mẹ́fà tí o fi gbára dì ti kọ́ àjà tó fẹ̀ sínú ẹsẹ̀ rẹ. Ìwọ ni o ò gbé nǹkan kan sórí rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń gbé nǹkan sórí rẹ̀? Ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn ṣáájú eré ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ kan. Fún ìwọ tí o wọn kílò 68, wá gíráàmù 550 ó kéré tán ti afúnnilókun lójúmọ́; ìwọ̀n afúnnilókun tó wà nínú oúnjẹ ni mò ń sọ, kì í ṣe ìwọ̀n oúnjẹ náà fúnra rẹ̀. Bí ikùn rẹ bá gbà á, kó sún mọ́ 680. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń fi gíráàmù jẹun nílé wa, nítorí náà wò ó báyìí. Búrẹ́dì funfun ege mẹ́fà láàárọ̀, bíi 90. Ìrẹsì àwo kan tó kún ní ọ̀sán, bíi 110. Iṣu sísè tó tó nǹkan bí ìdajì kílò ó dín díẹ̀, 110 mìíràn. Ẹ̀bà tí wọ́n fi gàrí gíráàmù 150 tẹ̀, ó lé ní 120. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, bíi 50. Mínírà ìgò kan tó jẹ́ 50cl, bíi 50. A ti dé 530, ṣíbí oyin kan sórí búrẹ́dì yẹn á sì parí rẹ̀. Dín ẹran àti epo kù ní ọjọ́ méjì yẹn kí ikùn lè ráyè, kì í ṣe pé wọ́n burú. Bí o bá gun ìwọ̀n tí o sì rí i pé o ti fi kílò kan tàbí méjì wúwo sí i, má fòyà: gíráàmù gláíkójìn kọ̀ọ̀kan ń fa omi bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Omi yẹn náà á wúlò fún ọ lójú ọ̀nà.

Ní ti àmàlà, mi ò bá a jà. Gbẹ̀gìrì ni mo fẹ́ kí o yẹra fún ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, àti ẹ̀wà lónírúurú, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ata tó ń ta. Ẹ̀wà ń dá afẹ́fẹ́ sínú, afẹ́fẹ́ yẹn á sì bá ọ sáré. Lẹ́yìn eré, jẹ gbẹ̀gìrì bó ṣe wù ọ́.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé oúnjẹ òkèlè ló ń mú kí àwa má lè sáré. Irọ́ ni. Àwọn ará Kenya tí wọ́n ti gba ipò kìíní ní maratọ́ọ̀nù Èkó lọ́pọ̀ ìgbà láti 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òkèlè àgbàdo tí wọ́n ń pè ní ugali ni wọ́n ń jẹ lálaalẹ́, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran díẹ̀. Àwọn tó wọn oúnjẹ àwọn eléré Kalenjin, ẹ̀yà kan ní Kenya, rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí wọ́n ń jẹ ló jẹ́ ti afúnnilókun, wọ́n sì ń da ṣúgà gidi sínú tíì onímílíìkì wọn. Ìbátan tùwó ni ugali yẹn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ní òwúrọ̀ eré, jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀, kí o jẹun. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹ̀kọ mímu tí ó ní ṣúgà, pẹ̀lú búrẹ́dì funfun tí o fi oyin tàbí jáàmù pa, á ṣe é, tó bíi gíráàmù 130 lápapọ̀. Wákàtí mẹ́ta á wà fún un láti wọlé. Àjà ẹ̀dọ̀ ni o ń kún, kì í ṣe ikùn ni o ń yó.

Lójú ọ̀nà ńkọ́? Má dúró kí ó rẹ̀ ọ́. Láti nǹkan bí ìṣẹ́jú 40, bẹ̀rẹ̀ sí í mu ṣúgà díẹ̀díẹ̀, kí ó máa jẹ́ gíráàmù 40 sí 50 ní wákàtí kan. Kò pọn dandan kí o ra èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Gba píọ̀wọ́tà méjì, ìyẹn lítà kan, da ṣúgà gíráàmù 60 sí i, bíi ṣíbí tíì pẹrẹsẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o bu iyọ̀ ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì kan sí i. Tí ọsàn wẹ́wẹ́ bá wà, fún un sí i kí ó dùn lẹ́nu. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ní wákàtí kan á fún ọ ní gíráàmù 45. Ṣúgà ọjà wa yìí gan-an bá a mu, torí ṣúgà oríṣi méjì ló so pọ̀ nínú rẹ̀, glúkóòsì àti fúrúkítóòsì, ẹnu ọ̀nà tí oníkálukú ń gbà kúrò nínú ìfun sì yàtọ̀. Ẹnu ọ̀nà glúkóòsì kì í gbà ju bíi gíráàmù 60 lọ ní wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sáré jù láyé fi ń pa méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè dé 90. Ìwọ ò tíì nílò 90. Bí ohun mímu bá sú ọ, dàbínù kéékèèké mẹ́fà á fún ọ ní bíi 30.

Wá wo ìṣirò yìí. Fún wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀, gíráàmù 45 ní wákàtí kan jẹ́ bíi 200. Kálórì 800 nìyẹn. Lórí kílò 68, 800 kálórì lè gbé ọ tó nǹkan bíi kìlómítà 11 àti ààbọ̀. Kìlómítà 11 ló kù fún ọ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kọ̀. Mi ò ní ara máa ń ná an gẹ́lẹ́ bí a ṣe ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tí mo fi bíírò kọ nọ́ńbà yẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àánú rẹ ṣe mí.

Má dán gbogbo èyí wò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ eré o. Ìfun náà ń kọ́ṣẹ́, bí ẹsẹ̀ ṣe ń kọ́ ọ. Ẹni tí kò mu ṣúgà rí lórí eré, tó wá dà á sí ikùn lójijì, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru ló máa kàn án. Gbogbo eré gígùn òpin ọ̀sẹ̀ rẹ, mú ìgò rẹ dání. Kí eré gígùn yẹn náà sì jẹ́ èyí tí o lè máa bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ, torí eré pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń kọ́ iṣan láti jó igi tútù, tó ń jẹ́ kí igi gbígbẹ pẹ́ nílẹ̀.

Ó kù sí ti omi tí mo ní màá padà sí. Ní maratọ́ọ̀nù Boston ti 2002, ọ̀dọ́bìnrin kan kú. Kì í ṣe òùngbẹ ló pa á. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jù. Àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré 488 ní ìdí ìlà ìparí ọdún náà, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó wúwo sí i lórí eré, ìyẹn àwọn tí omi tí wọ́n mu ju òógùn tí wọ́n là lọ, ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti àwọn tó ju wákàtí mẹ́rin lọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí omi bá pọ̀ ju iyọ̀ lọ, omi á wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ọpọlọ á wú, bẹ́ẹ̀ agbárí kì í fẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Orí fífọ́, èébì, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn, gìrì. Ó burú jù nítorí pé ó jọ àìtó omi lójú ẹni tí kò mọ̀, wọ́n á sì tún máa rọ omi sí onítọ̀hún lẹ́nu. Bí ibi ìpínmi bá jẹ́ méjìlá, píọ̀wọ́tà méjì méjì á jẹ́ lítà 12. Jọ̀ọ́, má ṣe é. Mu nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú píọ̀wọ́tà, dà á sórí àti ọrùn rẹ, torí ooru Èkó, pẹ̀lú ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ lára, òógùn tí kò sì gbẹ kì í mú ara tutù. Bí o bá ń sáré ní òwúrọ̀ Òṣogbo nìkan, fi ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá tó ṣáájú sáré nínú oòrùn díẹ̀díẹ̀, kí ara lè mọ ooru náà kó tó dé ọjọ́ rẹ̀.

O ò sọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ fún mi. Lọ ṣe àyẹ̀wò kí o tó tún bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ni AS. AS kò ní kí o má sáré, ọ̀pọ̀ ló ń sá a láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n eré àsápajúdé nínú ooru, nígbà tí omi ò sí lára, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ náà tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ nínú iṣan. Bí ó bá jẹ́ AS, tí ẹsẹ̀ rẹ sì rọ lójijì lórí eré kíkan láìjẹ́ pé ó le tàbí ó dì, dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, má fi agídí bá a. Má sì lo oògùn ìrora bíi ibuprofen ṣáájú eré kí ẹsẹ̀ má bàa dùn ọ́. Kíndìnrín tí ooru àti òógùn ti há mọ́ kò nílò ẹrù mìíràn.

Sátidé tó ń bọ̀, bọ́ṣọ kí o gun ìwọ̀n, kí o sá wákàtí kan ààbọ̀ pẹ̀lú ìgò ṣúgà rẹ, kí o nu òógùn, kí o tún gun ún. Kílò kan tó bá dín jẹ́ bíi lítà kan. Bí o bá kúrò ní 68 tí o padà bọ̀ ní 66.8, tí o sì mu ìdajì lítà, òógùn rẹ jẹ́ lítà 1.7. Bí o bá wúwo ju bí o ṣe lọ lọ, o ti mu omi jù. Kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, sọ bí ikùn rẹ ṣe gba ṣúgà náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ká lè mọ iye tí o máa gbé sínú ìgò fún wákàtí méjì.